Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ ojú omi yín mu kẹ́ ẹ tó lọ náwó

Àbúrò mi kan ra ẹ́ńjìnnì 40 (ìyẹn agbára ẹṣin 40, tí à ń pè ní họ́ọ̀sì) fún ọkọ̀ pákó tó gùn ní fíìtì 16 ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó tà á fún un ló sọ fún un pé 40 ni gbogbo èèyàn ń lò, pé tó bá gbé kékeré àwọn ọkọ̀ yòókù á máa kọjá lára ẹ̀ bí ẹni pé ó dúró. Lọ́jọ́ tá a gbé e sídìí ọkọ̀, èmi ni mo jókòó síwájú, òun wà lẹ́yìn nídìí ẹ́ńjìnnì, kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé láti orí pákó ìdí ọkọ̀ sí ojú omi ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, a ò sì tíì kúrò létí jẹ́tì o. A jáde, ó fún un lépo, imú ọkọ̀ gbéra sókè débi pé kò rí iwájú mọ́, ẹ̀rù bà á, ló bá jáwọ́ lórí epo lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi bí ìgbì tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ń fà bọ̀ lẹ́yìn ṣe lé wa bá, tó gun pákó ìdí ọkọ̀, tó wọlé tọ̀ wá. Omi ti dé kókósẹ̀ kí n tó rí abọ́ tí mo fi ń gbọ́n ọn. Ọlọ́run ló yọ wá, torí a ò tíì jìnnà sétí omi.

Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, tuntun ni. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ náà, ẹni tó kàn án mọṣẹ́ ẹ̀. Wọn ò kàn bára wọn mu ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó má bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, kó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹrù tó ń gbé, kó wá bọ́ sórí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ló máa kẹ́yìn. Ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ mú téèpù tí àwọn káfíńtà fi ń wọn pákó, kí kakulétọ̀ fóònù wà nítòsí, ká jọ ṣe é.

Ẹrù ná

Ẹ má fi ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣófo ṣe ìṣirò. Ọjọ́ tó wúwo jù lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ọjọ́ tí ẹja pọ̀, ọjọ́ ọjà. Ẹni tó ń dẹ àwọ̀n lẹ́bàá Mákòkó pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ kan, tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja méjì bọ̀ wálé, ohun tó nílò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń kó ẹja àti yìnyín láàárín Ayétòrò sí Igbókòdá, ti ẹni tó ń gbé èrò n'Íkòròdú tún yàtọ̀ pátápátá. Bẹ́ ẹ bá ń bọ́ sójú òkun gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, ọkọ̀ tí mo ń sọ níbí yìí, ọkọ̀ inú ọ̀sà àti inú odò ni.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn kan, ẹ fi 75 kílò sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 tó kún, bí 20 kílò. Àwọ̀n, ẹ wọn ọ́n nígbà tó bá rin gbingbin kì í ṣe nígbà tó gbẹ. Yìnyín, ẹja, táńkì, ìdákọ̀ró, gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ fáíbà tó sì ní ìwé, ìwọ̀n ẹ̀ máa wà nínú ìwé, tí kò bá ní, ẹ bi ẹni tó ṣe é. Ọkọ̀ pákó máa ń mu omi, èyí tó fúyẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án tán kì í fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ tó bá ti lo ọdún kan lójú omi, torí náà ẹ fi díẹ̀ lé e.

Ti àbúrò mi rèé: ọkọ̀ 200 kílò, èèyàn méjì 150, àwọ̀n àti ẹja 100, epo 20, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ká sọ pé 50. Àpapọ̀ ẹ̀ 520 kílò. Ẹ di nọ́mbà yín mú, a ṣì máa padà sí i.

Ṣé ó ń la omi ni àbí ó ń gun omi?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà gan-an, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò. Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ ń gbà rìn. Àkọ́kọ́, ọkọ̀ á máa la omi, á jókòó sínú omi, á máa tì í sọ́tùn-ún sósì, ìgbì kan á wà níwájú ẹ̀, òmíràn á wà lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń fi epo sí i, ìgbì méjèèjì yẹn á máa jìnnà síra wọn títí ọkọ̀ á fi wà nínú kòtò tí òun fúnra ẹ̀ gbẹ́, ibi tó bá dé yẹn kò lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó gòkè jáde nínú kòtò náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó máa dé, ẹ tẹ gígùn ọkọ̀ ní fíìtì sórí kakulétọ̀, ẹ tẹ àmì square root, ẹ wá fi 1.34 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni iye nọ́ọ̀tì (ohun tí wọ́n fi ń ka eré ọkọ̀ ojú omi) tí ọkọ̀ máa sá. Fíìtì 16 á fún yín ní 5.4 nọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Fíìtì 25 á fún yín ní 6.7, kìlómítà 12 àti díẹ̀. Ọkọ̀ gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ju èyí lọ díẹ̀ torí kì í ti omi púpọ̀ kúrò lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ẹja tó gùn tó sì rí pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ fi ń ṣe dáadáa pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò tóbi.

Ọ̀nà kejì, ọkọ̀ á gun omi. Imú ẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra, lẹ́yìn náà á rọra tẹ́ balẹ̀, á máa yọ̀ lórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ táwọn ọmọdé ń jù lójú odò. Nígbà yẹn ẹ ó gbọ́ ọ lójú ẹ́ńjìnnì, ohùn ẹ̀ á dẹ̀, bí ẹni tó ti gun òkè tán. Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ àti fáíbà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ dà bí lẹ́tà V lè gun omi. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ látinú igi, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí roboto, ẹ má dá a láàmú, lílà ni tiẹ̀.

Ìṣirò ẹ̀ kò le. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kàn máa la omi, họ́ọ̀sì 4 sí 5 ti tó fún gbogbo 1000 kílò níbi tómi bá dákẹ́, àmọ́ omi wa kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sán wà, omi òjò tí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń kó wọ ọ̀sà nígbà òjò wà, torí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gun omi, ẹ fi 25 pín àpapọ̀ kílò yín. 520 tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá fi 25 pín in, ó jẹ́ 21 họ́ọ̀sì. Ìyẹn ni pé 25 ló máa ṣe é, 15 ò ní lè gbé e gorí omi tó bá ti lẹ́rù.

Ibi tó burú jù wà láàárín méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù fún lílà, tí kò tó fún gígun omi. Ọkọ̀ á gbé imú sókè, ìdí ẹ̀ á rì, ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa lọ, kò sì ní kúrò níbẹ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń lọ lójú ọ̀sà tí imú ẹ̀ ń wo sánmà, tí ìgbì ńlá ń tẹ̀ lé e, ohun tó ń ṣe é nìyẹn, owó ẹnì kan ló ń jó.

Téèpù dà?

Ní báyìí a ti mọ ohun tí ẹrù ń béèrè. Ó kù ká bi ọkọ̀ léèrè ohun tó lè gbà. Tí àwo kékeré kan bá wà lára ọkọ̀ fáíbà yín, tí wọ́n kọ iye èèyàn àti iye họ́ọ̀sì sí, ọ̀rọ̀ ti parí, ohun tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má kọjá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ni kò ní i. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìṣirò kan nínú òfin ọkọ̀ ojú omi wọn fún ọkọ̀ tí gígùn ẹ̀ ò tó fíìtì 20, òun ni mo máa ń lò torí mi ò tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ fún ẹni tó ní téèpù nìkan.

Ẹ wọn gígùn ọkọ̀ ní fíìtì látimú dé ìdí. Ẹ wá wọn ìbú ìdí ọkọ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù, níbi tí ẹ́ńjìnnì máa wà. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀. Ọkọ̀ àbúrò mi, 16 lọ́nà 4.5, ó jẹ́ 72.

Tí nọ́mbà yín kò bá ju 35 lọ, ẹ́ńjìnnì 3 ni òpin. 36 sí 39, 5. 40 sí 42, 7.5. 43 sí 45, 10. 46 sí 52, 15. Tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí igun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì mú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele kan sí i, ìyẹn ni pé ẹni tí nọ́mbà ẹ̀ jẹ́ 42, tó yẹ kó lo 7.5, 5 ni kó lò.

Tó bá ju 52 lọ, bẹ́ ẹ ṣe ń darí ọkọ̀ ló máa sọ. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń di ẹ́ńjìnnì mú nídìí ẹ̀, tí ọkọ̀ sì tẹ́ nísàlẹ̀, ẹ pín nọ́mbà yín sí méjì, ẹ yọ 15 kúrò. 72 pín sí méjì jẹ́ 36, yọ 15, ó ku 21, ẹ lè gbé e lọ sí nọ́mbà 5 tó kàn, 25. Tí ìsàlẹ̀ ò bá tẹ́, ẹ sọ nọ́mbà di púpọ̀ lọ́nà 0.8, ẹ yọ 25. 72 á fún yín ní 32.6, ẹ pè é ní 35. Tí ọkọ̀ bá ní sítíárìn níwájú bí ti mọ́tò, tí pákó ìdí ẹ̀ sì ga tó íǹṣì 20, ẹ sọ nọ́mbà yín di ìlọ́po méjì, ẹ yọ 90. 72 á di 54, ẹ pè é ní 55.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ kan náà, 25, 35, 55. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó di ẹ́ńjìnnì mú lọ́wọ́ jókòó sídìí ọkọ̀, ìwọ̀n òun àti ti ẹ́ńjìnnì wà lójú kan náà, tí ẹ́ńjìnnì bá sì já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ á yí bìrí. 40 tí àbúrò mi rà fi 15 kọjá ohun tí ọkọ̀ ẹ̀ lè gbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìṣirò yìí kò wà fún ọkọ̀ tó ju fíìtì 20 lọ, kò sì wà fún ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gígùn tí ìdí ẹ̀ mú ṣóńṣó. Fún ìyẹn, ẹ lo ìṣirò kílò tí mo sọ lókè, kẹ́ ẹ sì lọ bá ẹni tó ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹ béèrè èyí tó tóbi jù tó ti rí nídìí ọkọ̀ tó kàn tí kò sì ya.

Iye èèyàn náà ní ìṣirò tiẹ̀: gígùn lọ́nà ìbú ọkọ̀ níbi tó fẹ̀ jù, ẹ fi 15 pín in. Fíìtì 16 lọ́nà 5 jẹ́ 80, fi 15 pín in, èèyàn 5, lọ́jọ́ tójú omi bá tòrò. Ẹrù yín wà nínú èèyàn márùn-ún yẹn o, kì í ṣe èèyàn márùn-ún pẹ̀lú àpò gààrí mẹ́wàá.

Nísinsìnyí ẹ fi nọ́mbà méjèèjì síra wọn. Ẹrù ní 21, ọkọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ju 25. Àárín méjèèjì ni ẹ́ńjìnnì yín wà. Tí ẹrù bá ń béèrè ju ohun tí ọkọ̀ lè gbà lọ, ẹ dín ẹrù kù tàbí kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ tó tóbi, ẹ́ńjìnnì ńlá kò ní tún un ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ló dé tí a ò kàn ra kékeré ká máa fi tipátipá lò ó. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé títẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ ló kù tí ọkọ̀ máa fi lọ, kò ní pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí ẹrù yín tó wọ́pọ̀ jù máa lọ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo, kí ìyókù wà nípamọ́ fún ọjọ́ tí òjò bá ká yín mọ́ ojú omi, tẹ́ ẹ fẹ́ sáré dé èbúté.

Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀

Ẹ́ńjìnnì 15 tó ń lo epo tí a pò mọ́ ọ́ìlì, bí 36 kílò ni, ọkùnrin kan lè gbé e. 40 irú ẹ̀ ti lé ní 70. 40 four-stroke, tí kì í lo epo pípò, ń lọ sí bíi 95 sókè. Four-stroke dákẹ́, epo ẹ̀ sì ń pẹ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an fún ọkọ̀ fáíbà tó ń gbé èrò, ṣùgbọ́n nídìí ọkọ̀ pákó kékeré, ìwọ̀n yẹn dà bí ẹni pé àgbàlagbà kan jókòó sórí pákó ìdí ọkọ̀ tí kò sì ní dìde láéláé. Ẹ wo pákó náà fúnra ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ lù ú, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un níbi tí ìṣó wà, tó bá rọ̀, ó ti ń jẹrà nìyẹn, ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì kankan lé e. Ẹ má fi ìdè tí a ń yí nìkan sílẹ̀, ẹ fi bóòtì tó gba pákó kọjá dè é, kẹ́ ẹ tún fi ṣéènì so ó mọ́ ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì

Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì 25 méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí káńtà, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Kúkúrú ni ti pákó ìdí ọkọ̀ tó ga ní íǹṣì 15, gígùn ni ti íǹṣì 20, èyí tó gùn jù ni ti 25. Ẹ fi téèpù wọn ìdí ọkọ̀ láti àárín òkè pákó níbi tí ẹ́ńjìnnì máa kọ́ sí, tààrà lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ má tẹ̀ lé dídagun ẹ̀. Lára Yamaha, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ ẹ́ńjìnnì ló máa ń sọ ọ́, S kúkúrú, L gígùn, X gígùn jù. Àwo orúkọ yẹn wà lára irin tí ẹ́ńjìnnì fi ń dì mọ́ ọkọ̀, ẹ kà á fúnra yín.

Tí ẹ bá ti gbé e sórí ọkọ̀, ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi tó ń ti ọkọ̀ lọ). Ó yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó fi íǹṣì kan péré sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ga jù, pùròpẹ́là á máa gba afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á ké wàà, ọkọ̀ ò ní lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń yí. Tó bá jìn jù, ó ń fa omi lásán, ó sì ń gbá ilẹ̀ àti àwọ̀n nínú omi tí kò jìn. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì torí ó ní kò lágbára, a gbé pákó íǹṣì méjì sábẹ́ ẹ̀, a gbé e sókè, ìṣòro parí.

Pùròpẹ́là

Nọ́mbà méjì ló wà lára ẹ̀, bí 11 lọ́nà 13. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ẹ̀, èkejì ni iye íǹṣì tí ì bá lọ síwájú tó bá yí lẹ́ẹ̀kan tó bá jẹ́ nǹkan líle ló ń wọ̀. Nọ́mbà kejì yìí dà bíi gíà mọ́tò. Ńlá fún ìsáré pẹ̀lú ọkọ̀ fífúyẹ́, kékeré fún ẹrù.

Ẹ ra tákómítà kékeré (ohun tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), èyí tí wọ́n ń fi wáyà ẹ̀ yí wáyà púlọ́ọ̀gì ká, kò wọ́n. Ẹ kó ẹrù yín tó wọ́pọ̀ jù, ẹ wá ibi tó gbòòrò, ẹ tẹ epo dé ilẹ̀, ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-ọ́ìlì pípò tí à ń lò, láàárín 4500 sí 5500 ló yẹ kó wà, ìwé ẹ́ńjìnnì yín á sọ tiẹ̀ gan-an. Tó bá ń lọ 4200, ẹrù ti pọ̀ jù fún pùròpẹ́là yẹn, bẹ́ ẹ bá fi íǹṣì kan dín nọ́mbà kejì kù, ẹ ó rí bí 150 sí 200 gbà. Torí náà láti 4200, íǹṣì méjì sísàlẹ̀ á gbé yín wọ ibi tó yẹ. Tó bá sì ń fò ju 5500 lọ, ẹ lọ sókè. Kí ẹ tó sọ pé ẹ́ńjìnnì kéré, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe pùròpẹ́là ló ń jẹ́bi. Ẹni tó ń rìn níbi tí koríko orí omi pọ̀ sí, kó ní èyí tó wà ní ìpamọ́ àti píìnì ẹ̀ nínú ọkọ̀, pẹ̀lú pílíásì.

Epo

Látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, epo ló ń sọ ẹni tó máa jèrè lójú omi. Ìṣirò tó rọrùn fún ẹ́ńjìnnì oní-ọ́ìlì pípò tí a tẹ̀ dé ilẹ̀: 40 ń mu bíi lítà 15 ní wákàtí kan, 25 ń mu bí 9 àti ààbọ̀, 15 ń mu bíi 6. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 á gbé 40 fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, á gbé 25 fún wákàtí méjì ààbọ̀, á gbé 15 fún wákàtí mẹ́rin ó lé.

Lójú, 15 ló ń fi owó pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Tí 15 ò bá lè gbé ọkọ̀ gorí omi, tó ń là á ní kìlómítà 12, kẹ́ẹ̀gì kan á gbé e rin bíi kìlómítà 50. Tí 25 bá gun omi tó ń sá 30, kẹ́ẹ̀gì kan náà á gbé e ju 70 lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò tó ẹrù kì í fi owó pamọ́. Ẹni tó sì jẹ́ pé ibi àwọ̀n ẹ̀ kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ, tí kò sí ohun tó ń lé e, 8 tàbí 15 ni kó rà, kó máa la omi lọ jẹ́jẹ́, gígun omi ò wúlò fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo 40 tẹ́lẹ̀, ẹ dín epo kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ọkọ̀ bá ti gun omi tán, ohun tó ń mu á dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Pípò ẹ̀: ìwé ẹ́ńjìnnì ló láṣẹ, ṣùgbọ́n 50 sí 1 ló wọ́pọ̀, ìyẹn ọ́ìlì mílílítà 500 sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ́ńjìnnì tuntun, fún wákàtí 10 àkọ́kọ́, ìlọ́po méjì ọ́ìlì, lítà kan sí kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ wá ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára. Ọ́ìlì ọ̀kadà kọ́, ọ́ìlì mọ́tò kọ́. Ẹ sì pín epo yín sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbéra, ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kan fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Tòkunbọ̀

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lapá yín ká, ẹ má rà á lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n kàn fà á tó dún. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí omi fà, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, rọ́bà tó ń fa omi tútù wọ inú ẹ̀ á jó. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Kí omi máa tú jáde níhò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gírígírí bí ọmọdé ń tọ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tó ní géèjì kọ̀npíréṣọ̀n (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú sílíńdà ẹ́ńjìnnì) dání, kí nọ́mbà àwọn sílíńdà má fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀ síra wọn. Ẹ tú síkúrù ìsàlẹ̀ níbi gíà, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ jáde sí ọwọ́ yín, tó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé. Ẹ fi ọwọ́ pa àwo nọ́mbà ara ẹ̀, tó bá jọ pé wọ́n ti họ ọ́ tàbí tí wọ́n yọ ọ́, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ máa fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn iṣẹ́, kẹ́ ẹ má sì kun síńkì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ́dà láéláé, òun ni iyọ̀ ń jẹ dípò ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dán an wò

Ẹ lọ láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Láífù-jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn gbogbo yín, kì í ṣe lábẹ́ àga. Okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì, ẹ so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí mọ́ jákẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó bá já bọ́ sómi tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, ọkọ̀ máa ń yí po padà wá bá a ni. Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ wà ní èbúté kílẹ̀ tó ṣú, NIWA àti LASWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà omi, kò fẹ́ ìrìn òru, òótọ́ ni wọ́n sì wí.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tómi dé nígbà tó ṣófo, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí ẹ̀. Ẹ kó ẹrù, ẹ fa ìlà kejì. Láti ìlà kejì sí òkè pákó, ẹ jẹ́ kó tó gígùn ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín, ó kéré tán. Tí kò bá tó, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ sí àárín ọkọ̀, ẹ ra páìpù rọ́bà tó gùn tó máa fa epo láti ibẹ̀, ẹ wọn ọ́n padà. Lójú omi, ẹ fi epo sí i díẹ̀díẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dúró, ẹ má jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rọra dín in kù, kẹ́ ẹ bojú wo ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìgbì tó ń tẹ̀ lé yín kọjá lábẹ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó pa á. Àbúrò mi ta 40 yẹn, ó ra 25 ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, a gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí àárín ọkọ̀. Tákómítà ka 5100 pẹ̀lú ẹrù. Ìlà ọ̀dà funfun méjèèjì ṣì wà nídìí ọkọ̀ náà, ó máa ń tún wọn kùn tí wọ́n bá ti ń ṣá.